Ẹni Tó Ń Fi Ìwọ̀ Pẹja Létí Omi Òkè-Àfà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Gbogbo wa ni a ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí àlejò bá wo ọwọ́ tí àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ fi mú omi tó ń ṣàn láàárín wa, yóò rò pé a ti ń bá a ṣe ọ̀tá láti ìgbà ìwáṣẹ̀. A kọ́ ilé, a kọ ẹ̀yìn ilé sí i. Ibẹ̀ ni à ń da ilẹ̀ sí lóru. Ibẹ̀ ni omi ìdọ̀tí balùwẹ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ ń wọ́ lọ. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé òun ń lọ pẹja níbẹ̀, ẹ̀rín ni a ó fi í rín.

Èmi gan-an ni ẹni tí wọ́n ń fi rín ẹ̀rín náà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń mú ọ̀pá ìwọ̀ lọ sí etí omi Òkè-Àfà, pàápàá jù lọ ní oṣù Ògún, tíí ṣe oṣù kẹjọ ọdún. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbò àti ọ̀wọ́n gógó ọjà ló gba ẹnu gbogbo wa kan lásìkò yìí, wọn kò sì ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yà bàrá lónìí kí n sọ̀rọ̀ ẹja. Ìdí ni pé mo gbà pé ìlú tí kò bá mọ omi rẹ̀ mọ́, omi náà yóò wá fi ara rẹ̀ han ìlú lọ́jọ́ tí ìlú kò rò tẹ́lẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní Ìsọlọ̀, ojú wa ló sì ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Èkó mọ̀ pé òjò máa ń rọ̀ gidigidi láti oṣù Ẹ̀bìbí títí wọ oṣù Agẹmọ. Bí oṣù Ògún bá dé, òjò a sinmi díẹ̀, ojú ọjọ́ a tutù, oòrùn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ ta. Omi tó ti pọ́n bí omi ẹrẹ̀ látàrí àgbàrá a bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, a sì tún ṣeé wò. Ẹja tó ti fara pamọ́ nígbà tí àgbàrá ń pariwo a jáde wá oúnjẹ kí òjò tó padà ní oṣù Owérè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin yìí ni ẹni tó ń lo ìwọ̀ ń dúró dè láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Bàbá kan tó ń gbé ní ojúlé kejì sí tiwa ló kọ́ mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí òkun ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé-iṣẹ́ lóru ló ń ṣe ní Ìsọlọ̀, ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Ọlọ́dẹ. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, dípò kó sùn, etí omi ló ń lọ. Ohun èlò rẹ̀ kò ju ọ̀pá ọparun gígùn kan, okùn ọ̀rá, ìwọ̀ kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti ègé bàtà sílípáàsì kan tí ó gé wẹ́wẹ́, tó so mọ́ okùn kó lè máa léfòó. Ekòló ni ìdẹ rẹ̀ fún ẹ̀pìyà. Fún àrọ̀, ọṣẹ ìfọṣọ tí ó gé ní igun mẹ́rin ló máa ń fi sí ẹnu ìwọ̀, nítorí òórùn ọ̀rá inú ọṣẹ ń fa àrọ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Kò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ fún oṣù kan gbáko. Ó ní kí n jókòó ná, kí n máa wò. “Ọmọ mi, má wo omi,” ni ó máa ń wí, “wo ohun tí omi ń ṣe.” Mo wá mọ ibi tí omi ti ń yí po lẹ́yìn òkúta, níbi tí ẹja ti lè sinmi kí ìṣàn máa gbé oúnjẹ wá bá a. Mo mọ etí koríko, níbi tí òjìji wà. Mo mọ ìyàtọ̀ láàárín ìfófòó tó wá láti inú ẹrẹ̀ tó ń rà àti èyí tó jáde láti ẹnu ẹja. Mo mọ̀ pé òjìji ara mi kò gbọdọ̀ kan omi, torí náà mo máa ń kọjú sí oòrùn kí n tó jókòó. Mo mọ̀ pé ẹ̀pìyà ń tọ́ ìdẹ wò lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta bí ìyàwó tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, nígbà tí àrọ̀ ń gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, tí yóò sì forí lé ìsàlẹ̀.

Bàbá náà mọ àwọn ẹja yìí bí ẹni mọ ẹbí rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé nínú ẹ̀pìyà ọ̀sà tí àgbọ̀n rẹ̀ dúdú, akọ ló ń kó ẹyin sí ẹnu. Yóò gbé e sẹ́nu fún bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ọmọ yóò fi jáde. Mo rò pé àlọ́ lásán ni, àfìgbà tí mo kà á nínú ìwé àwọn onímọ̀ ẹja lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nípa àrọ̀, ó ní ẹja tó ń mí bí èèyàn ni. Òótọ́ ni èyí náà. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ìdí nìyí tó fi lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tó sì lè fi àyà fà kọjá lórí ilẹ̀ tútù láti adágún kan sí òmíràn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àrọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ó ní ohun tó ń sọ fún wa. Ẹja tó lè fa afẹ́fẹ́ òkè kò lè jẹ́rìí pé omi mọ́. Bí omi tilẹ̀ ti bàjẹ́ pátápátá, àrọ̀ ṣì lè wà níbẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀pìyà ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ń mú. Ní báyìí, ọdún lè yí po kí ẹ̀pìyà tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ tó mu ìwọ̀ mi. Àrọ̀ ló kù. Ẹni tó ń gba ọ̀nà afárá kọjá nínú dáńfó kò lè mọ èyí. Ìwọ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Ẹja kan wà ní ilẹ̀ òyìnbó tí tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àrọ̀ pátápátá. Trout ni orúkọ rẹ̀. Omi tútù, omi mímọ́ gaara tí afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń gbé. Bí omi bá ti dọ̀tí díẹ̀, ó kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pa á kì í fi ekòló ṣe ìdẹ. Wọn a fi ìyẹ́ ẹyẹ, irun ẹran àti òwú ṣe kòkòrò àfọwọ́ṣe sára ìwọ̀, bí irú èyí tó ń fò lójú omi lásìkò náà gẹ́lẹ́, wọn a sì fì í síwá sẹ́yìn lórí okùn títí yóò fi balẹ̀ lójú omi jẹ́jẹ́, bí kòkòrò tòótọ́. Ẹni tí kò bá mọ irú kòkòrò tó ń jáde lóṣù náà àti ibi tí ẹja dúró sí, ilé ni yóò padà sí lọ́wọ́ òfo. Mo ronú pé ká ní Bàbá Ọlọ́dẹ bá wọn pàdé, wọn ì bá yé ara wọn láìgbọ́ èdè ara wọn.

Mo fojú ara mi rí i ní ọdún kan tí mo lọ kí àbúrò mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù kẹsàn-án ni, ẹ̀ẹ̀rùn wọn ti ń parí lọ, àwọn apẹja sì ń sáré lo ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù, nítorí òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti pa ẹja náà níbẹ̀ mọ́ bí oṣù náà bá ti parí. Odò tí a lọ ń jẹ́ Wandle. Láti apá Croydon àti Carshalton ló ti ń ṣàn wá, ó gba Merton kọjá, ó sì já sínú odò Thames ní Wandsworth. Kò sí igbó níbẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ńlá kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan dúró sínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó fa trout kan jáde, ó fi ọwọ́ tútù yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì dá a padà sínú omi. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹja tí wọn kò ní jẹ, kí ni wọ́n wá ń pa á fún?”

Ìbéèrè gidi ni. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn odò náà. Lójú àwọn apẹja òyìnbó, odò tó lókìkí ni Wandle ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Frederic Halford, ẹni tí wọ́n ń pè ní baba fífi kòkòrò àfọwọ́ṣe tó ń léfòó pa trout, etí odò yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n odò iṣẹ́ ni pẹ̀lú. Ọlọ tó ń fi agbára omi yí pọ̀ létí rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ibẹ̀ ni William Morris, oníṣọ̀nà nì, gbé ilé-iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ lọ ní ọdún 1881, nítorí pé omi rẹ̀ dára fún pípa aṣọ láró. Bí ilé-iṣẹ́ àti ilé gbígbé ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí ń pọ̀. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1960, gọ́tà tí kò ní ìdérí lásán ni wọ́n kà á sí. Àwọ̀ aró tí ilé-iṣẹ́ bá dà sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni omi náà ń ní. Trout ti kú tán nínú rẹ̀. Thames fúnra rẹ̀, tí Wandle ń wọ inú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ti kéde ní ọdún 1957 pé ó ti kú. Ọdún 1974 ni wọ́n tó tún rí ẹja salmon nínú rẹ̀.

Báwo ni trout ṣe padà sínú Wandle? Òfin wà nínú rẹ̀, owó ńlá sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ apẹja, ni wọ́n wọ inú omi lọ fa táyà, kẹ̀kẹ́ àti àwọn ohun èlò tó bàjẹ́ jáde. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tọ́jú ẹyin trout nínú àpótí omi ní kíláàsì wọn títí ó fi pa, tí wọ́n sì lọ dà á sínú odò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, kẹ́míkà chlorine dà jáde láti ibùdó tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí mọ́ ní Beddington, ó sì pa ẹja lọ́pọ̀ yanturu. Ariwo ta lọ́gán, nítorí pé àwọn tó ń wo odò náà ti wà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn mi fún àbúrò mi nìyí: ọkùnrin náà kò wá pa ẹja fún ọbẹ̀ alẹ́. Ó wá wo bóyá odò rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Èmi náà kì í jẹ ẹja tí mo bá mú ní Òkè-Àfà, èmi náà ń dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà kan náà ni èmi àti òyìnbó náà ń tọ̀. Òun ń dá tirẹ̀ padà kí ẹja má bàa tán nínú odò tó mọ́. Èmi ń dá tèmi padà nítorí ìbẹ̀rù. Ẹja máa ń kó òjé àti àwọn irin olóró mìíràn tó wà nínú omi sára, ẹni tó bá sì jẹ ẹja náà ti jẹ wọ́n pẹ̀lú. Nígbà tí Bàbá Ọlọ́dẹ wà láyé, ẹ̀pìyà Òkè-Àfà ni ìyàwó rẹ̀ ń fi se ọbẹ̀. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń mú àrọ̀ nínú omi náà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn tí owó wọn kò ká ẹja Titus tí wọ́n ń já nínú páálí ní ọjà Òṣòdì mọ́. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí Èkó dà sínú omi ló ń padà wá sínú ìkòkò tálákà.

Mo ti ní ìlú tí kò mọ omi rẹ̀ yóò kàgbákò rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Ní ìrọ̀lẹ́, ibi ìkó-ohun-ìjà-sí tó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, àdó olóró sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ ń mì, fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà réré. Ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní ogun ti dé. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn sá jáde láti Ìkẹjà, Òṣòdì, Màfólúkù àti Ìsọlọ̀, tọmọdé tàgbà, àwọn mìíràn gbé ọmọ pọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ọ̀pọ̀ wọn gba inú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà ní Òkè-Àfà, wọ́n fẹ́ la á kọjá sí apá Èjìgbò. Láàárín oko náà ni omi wà.

Wọn kò rí i. Koríko orí omi kan tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò ló bò ó. Ó jọ ojú oró, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú oró tiwa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, ọdún 1984 ni wọ́n sì kọ́kọ́ rí i lójú omi Badagry, láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin. Ibi tí ìdọ̀tí èèyàn bá ti ń bọ́ omi ni ó ti ń gbilẹ̀ jù. Lójú ẹni tó ń sáré nínú òkùnkùn, pápá oko tútù lásán ni. Ẹni iwájú kó sínú rẹ̀, ẹni ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn tó kú sínú omi náà tó 600 ó kéré tán, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ọmọdé; gbogbo àwọn tó kú lọ́jọ́ náà sì lé ní 1,000.

Mo wà ní Ìsọlọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwa ará ilé wa ti dì mọ́ ara wa lójú pópó, a fẹ́ tẹ̀ lé èrò tó ń lọ. Bàbá Ọlọ́dẹ ló na ọ̀pá rẹ̀ dínà fún wa. “Ẹ má gba ibẹ̀. Omi ni.” Ìyá mi ní koríko ni òun ń gbọ́ pé ó wà níbẹ̀. Ó tún un wí: “Omi ni, ìyá. Mo mọ̀ ọ́n.” A tẹ̀ lé e gba ọ̀nà mìíràn. Ìmọ̀ ibi tí omi wà, èyí tí ó kó jọ ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀lẹ, òun ni mo fi wà láàyè tí mo ń kọ èyí.

Mi ò sọ pé ẹ̀bi àwọn tó bọ́ sínú omi ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò gbé ní Òkè-Àfà, ẹ̀rù sì ti gba ojú inú lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀bi ìlú tó fi omi pamọ́ ni mo ń wí. A fi koríko àti pàǹtí bo odò kan lójú títí kò fi jọ odò mọ́. Kò sí iná, kò sí irin ìdènà, kò sí pátákó ìkìlọ̀. Yorùbá ní odò kì í kún kó bo ẹja lójú. Ojú tàwa èèyàn ni a fi ọwọ́ ara wa bò.

Lónìí, ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní lọ́dọọdún, àwọn ẹbí wọn máa ń péjọ síbẹ̀, wọ́n ń gbé òdòdó kalẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn díẹ̀ kúrò níbẹ̀, pàǹtí ni ẹ ó tún bá nínú omi.

Mo mọ̀ pé ìjọba kò sùn pátápátá. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, òfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ike tí à ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, wọ́n ń wó ilé tí wọ́n kọ́ sí ojú àgbàrá. Mo ṣe sàdáńkátà fún ohun tó tọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń lò fún omi yìí: kánààlì. Orúkọ tí a bá fún nǹkan ni ó ń ro wá. Bí a bá pe omi ní kánààlì, gọ́tà ńlá ni yóò jẹ́ lọ́kàn wa, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí a ó sì máa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni kó gbé ìdọ̀tí wa kúrò níwájú wa. Bí a bá pè é ní odò, a ó bèèrè ohun mìíràn: ṣé ẹja wà nínú rẹ̀? Irú ẹja wo? Ṣé ọmọ mi lè jẹ ẹ́?

Àwọn ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Ẹ jẹ́ kí iná àti irin ìdènà wà létí omi náà láti Òkè-Àfà títí dé ẹ̀yìn Àgò, kí ẹni tó ń sáré lóru mọ̀ pé omi nìyí. Ẹ jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní àpótí omi kan tí àwọn ọmọ yóò ti máa sin ẹ̀pìyà, kí wọ́n lè mọ ohun tí ìdọ̀tí ń ṣe fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́ omi wò fún ìjọba máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ojú pátákó ní ọjà Ìsọlọ̀, ní èdè tí ìyá ẹlẹ́ja lè kà. Àti ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti gbé òdòdó kalẹ̀, kí a ká ṣòkòtò sókè, kí a jọ kó pàǹtí kúrò létí omi tó gbé àwọn èèyàn wa lọ. Mi ò mọ ìrántí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ará Wandle dà á síwájú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹja wọn tó padà. Tiwa kò tíì kú tó bẹ́ẹ̀. Àrọ̀ ṣì ń mu ìwọ̀, ẹ̀pìyà sì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Ògún tó ń bọ̀, bí ẹ bá rí ẹnìkan tó jókòó létí omi Òkè-Àfà pẹ̀lú ọ̀pá ọparun, ẹ lè rín in bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀rín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í ní ẹja tó mú.